Alágbẹ̀dẹ Tí Mo Fi Pamọ́ sí Mẹ́kà

Rayan, Razan, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ pa fóònù yín, ẹ jókòó. Yorùbá tí ẹ kì í fẹ́ fi dá mi lóhùn yẹn ni mo máa fi sọ ọ́. Kíndìnrín mi ti kọṣẹ́, dókítà ò fi bò fún mi, n kò sì ní gbé irọ́ yìí wọ sàréè. Lánàá, Àlàájì kan láti mọ́ṣáláṣí wa ní Al-Utaybiyah, níhìn-ín ní Mẹ́kà, jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yẹn, ó ní irú mi ṣọ̀wọ́n, pé mo tọ́jú Bàbá Abdulhadi bí ẹni ń tọ́jú bàbá tó bí i. Inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n lé e jáde. Ọmọlúàbí wo? Olè ni mí. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni mo jí gbé mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ẹ mọ̀ pé òyìnbó ni Bàbá tí a jọ ń gbé ilé kan náà. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni orúkọ ilé wọn. De Smet ni, láti ilẹ̀ Flanders ní Bẹ́ljíọ̀mù. Bàbá fúnra wọn ló sọ ìtàn rẹ̀ fún mi níbi tí a ti ń mu ṣááyì. Wọ́n ní láyé àtijọ́ àwọn ará ibẹ̀ kò ní orúkọ ìdílé, Jan ni Jan ń jẹ́. Nígbà tí Jan wá pọ̀ jù lábúlé, wọ́n ń sọ pé Jan alápatà, Jan alágbẹ̀dẹ. Alágbẹ̀dẹ ni De Smet túmọ̀ sí. Àwọn akọ̀wé wá kọ ọ́ sílẹ̀, ó di ti ọmọ àti ọmọ-ọmọ, títí ó fi kan bàbá tó bí Bàbá, tó ń ta aṣọ, tí kò di òòlù mú rí. Màmá mi, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, ò gba ìyẹn rárá. Lójú tiwọn, ẹni tí orúkọ ilé rẹ̀ bá ń jẹ́ alágbẹ̀dẹ, ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, ó parí. Oríkì àwọn alágbẹ̀dẹ ni wọ́n fi ń kí òyìnbó láràárọ̀, inú Bàbá á sì máa dùn ṣìnkìn.

Nígbà tí Bàbá gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, bàbá wọn lé wọn nílé, ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ De Smet mọ́. Jozef, ẹ̀gbọ́n wọn, wà níbẹ̀, kò gbèjà wọn. Ni Bàbá bá ń jẹ́ Al-Haddad, tí í ṣe alágbẹ̀dẹ kan náà lédè Lárúbáwá. Wọ́n sọ fún mi pé, “Yunus, wọ́n gba orúkọ lẹ́nu mi, mo sì gbé e sínú èdè mìíràn kí ọwọ́ wọn má bàa tó o.”

Ní ọdún 2013, dírẹ́bà ni mí ní Obhur, létí òkun níta Mẹ́kà. Nọ́ọ̀sì òyìnbó kan ni mò ń gbé lọ síbi iṣẹ́, nítorí obìnrin ò tíì máa wa ọkọ̀ nígbà náà. Marleen De Smet ni. Bí mo ṣe gbọ́ orúkọ yẹn, mo bi í léèrè ẹni tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́. Ó ní Jozef ni bàbá òun, pé ó ń ṣàìsàn, ó sì fẹ́ gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ kó tó kú, kó bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti gbọ́ pé Mẹ́kà ló wà, ṣùgbọ́n Kírísítẹ́nì ni Marleen, kò lè wọ Mẹ́kà. Ó bẹ̀ mí kí n bá òun wá De Smet.

Mo sọ fún Asma, ìyá yín. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ń kó àwọn tí ìwé wọn ò pé. Bàbá, tí wọ́n ti gba ìwé ọmọ onílùú, ni kafíìlì wa, onígbọ̀wọ́ wa lọ́dọ̀ ìjọba; orúkọ wọn ló so ìkámà, ìwé ìgbélùú gbogbo wa, ró. Asma ní bí wọ́n bá mú Bàbá padà sílé, Nàìjíríà tí a ò dé rí ni wọ́n máa kó wa lọ, pé kí n má fi Bàbá hàn án. Mo ṣì ń bínú sí i. Ṣùgbọ́n ta ló la ẹnu? Èmi ni. Mo sọ fún Marleen pé kò sí De Smet kankan ní Mẹ́kà. Ó béèrè bóyá ó ti pa orúkọ dà. Mo ní, “Mádáàmù, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n rí òun kì í pa orúkọ dà.” Ó sunkún títí a fi dé ilé. Astagfirullah!

Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. N kò dúró. Bàbá náà ń dàgbà, wọ́n ní bí mo bá rí ará Flanders ní Obhur, kí n sọ pé àwọn wà láàyè. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á rán ẹlòmíràn. Ni mo bá ní mo ti rí ọmọ Jozef.

“Jozef ní kí ẹ má dárúkọ àwọn mọ́,” mo wí.

“Jozef fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

Wọ́n gbé ife sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n, wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ní ó tó, pé àwọn kì í ṣe ọmọ alágbẹ̀dẹ kankan. Wọn ò tún jẹun dáadáa mọ́. Kí Hájì tó dé, Bàbá ti kú. Èmi tí mo pa wọ́n, èmi náà ni mo wẹ̀ wọ́n.

Ẹ má sọ fún mi pé òfin ìwé ló fà á. Òfin yẹn burú, mo kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin ló jókòó ti Bàbá, tó purọ́ fún wọn. Bí ẹ̀rù bá bà yín láyé yìí, ẹ lọ bẹ ẹni tó lè gbà yín. Ká ní mo bẹ Bàbá, bóyá wọn ì bá má fi wá sílẹ̀. N kò béèrè. Òmùgọ̀!

Láàárọ̀ òní mo pe Marleen ní Bẹ́ljíọ̀mù. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mo ní kó dárí jì mí. Ó ní Jozef ti kú, pé ó gbà títí tó fi kú pé àbúrò òun kò fẹ́ gbọ́ ohùn òun. Ó wá béèrè ibi tí wọ́n sin Bàbá sí. Mo ní Mẹ́kà.

Ó ní, “Nígbà tó wà láàyè, ọ̀nà wà, o dí i. Báyìí tó ti kú, n kò lè dé ibẹ̀ láéláé. Kí lo ní kí n dárí rẹ̀ jì ọ́?”

Ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́.