Owó Tí Yóò Fi Padà Wálé

Nínú bọ́ọ̀sì Àkúrẹ́ sí Oǹdó, ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó níwájú mi. Ọmọ náà fẹ́ gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, kó lọ rìn kiri Gánà fún ọjọ́ méjìlá.

"Èló lo fẹ́ máa ná lójúmọ́?"

"Igba sídì owó Gánà, màámi. Ibùsùn ọgọ́rùn-ún, oúnjẹ ọgọ́ta, ọkọ̀ ogójì."

"Bí nǹkan bá wọ́n ńkọ́?"

"Ọjọ́ tí mo bá ná jù, màá fẹsẹ̀ rìn lọ́jọ́ kejì."

"Akin obìnrin. Bí wọ́n bá jí báàgì ọ̀hún?"

"Owó tí màá fi padà wálé kò sí níbẹ̀. Òun ni mo kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀ kí n tó ṣírò oúnjẹ. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní Isikan ní Àkúrẹ́ ló wà. Bí mo bá ti pè, wọ́n á fi ránṣẹ́."

Mo tún gbólóhùn náà sọ nínú ara mi: "Òun ni mo kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀." Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, n kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu wọn rí.

Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Oǹdó, ìyá náà yíjú sí i.

"Tí a bá padà sílé," ó ní, "a máa lọ sí ọjà Ìjù ra gàrí tí wàá gbé dání. N kò mọ bí tiwọn ṣe rí ní Gánà."