Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Ìdì Aṣọ

Ẹ pa ìwé yín dé, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò sí ohun tí ẹ máa kọ lónìí. Wọ́n ní kí n wá kọ́ yín ní iṣẹ́ ògbufọ̀, pé láti ìgbà tí ilé ìtajà aṣọ àwọn ọmọge yìí ti ń rán olùbẹ̀wò sí ilé iṣẹ́ àwọn tó ń ránṣọ fún wọn, kò tíì sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tó mi. Bóyá lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi di ọ̀gá nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, torí ó ti pẹ́ jù nínú mi, mi ò sì lè gbé e mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má yìn mí kí n tó sọ ọ́ tán. Ìyìn ti sú mi.

Ẹ má wojú ọ̀gá yín tó jókòó níwájú yẹn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé kò gbọ́ èdè wa. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń mirí, ó rò pé ọ̀nà iṣẹ́ ni mò ń là fún yín. Òun náà ló ní kí n fi èdè wa kọ́ yín, kó lè wọ̀ yín lára. Ẹ jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín ná, ojú tèmi ni kí ẹ wò.

Olùkọ́ ni mí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi kú, ayé dojú rú fún mi, kò sì sẹ́ni tó yà wò mí nínú ẹbí àfi àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ Máníjà ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán ṣòkòtò jíńsì. Òun ló ní, "Ìyàwó wa, ẹ gbọ́ èdè àwọn tó ń ra ọjà lọ́wọ́ wa. Ẹ wá máa bá wa túmọ̀ ọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá wá." Mo fi ọjọ́ orí jù ú lọ dáadáa, síbẹ̀ "ọkọ mi" ni mò ń pè é, ẹ̀yin náà mọ bí ilé ọkọ ṣe rí. Ẹni tó fà mí dìde nígbà tí mo wà nílẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ pé mi ò ní ṣe fún un? Ohun tí mo máa ń sọ fún ara mi nìyẹn. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè káàánú mi o, mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni.

Yàrá tí wọ́n ń kó bọ́tìnnì àti síìpù sí ni olùbẹ̀wò ti máa ń bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Tábìlì kan, àga mẹ́ta, fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri. Òfin wọn dára, ẹ má jẹ́ n parọ́ mọ́ wọn. Máníjà kò gbọ́dọ̀ wọlé, ọ̀gá kankan kò gbọ́dọ̀ wọlé. Olùbẹ̀wò, òṣìṣẹ́ àti ògbufọ̀ nìkan ni, kí òṣìṣẹ́ lè sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù. Gbogbo èèyàn ni wọ́n ṣọ́ra fún, èmi nìkan ni wọn ò ṣọ́ra fún. Ẹ sì gbọ́, mi ò fi irọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo kàn ń tún ọ̀rọ̀ ṣe ni. Obìnrin kan wọlé lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àǹtí, ẹ sọ fún un pé àga tí mo fi ń ránṣọ ti fẹ́ pa mí. Bí wọn ò bá pààrọ̀ rẹ̀, orí Máníjà ni màá là á mọ́." Èmi bá yíjú sí olùbẹ̀wò, mo ní, "Ó ní inú òun á dùn bí wọ́n bá lè fún òun ní tìmùtìmù díẹ̀." Kó tó di oṣù tó tẹ̀ lé e, tìmùtìmù ti dé, ó kárí gbogbo àga. Obìnrin náà ń kí mi kú iṣẹ́ káàkiri, mo sì gbéra ga. Mo ní èmi mọ̀rọ̀ ọ́ sọ ju ẹni tó ni í lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, bó ṣe ṣe mí nìyẹn.

Àkókò yẹn náà ni àwọn ọmọge bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ṣòkòtò tó ti ṣá, èyí tó funfun níwájú itan bíi pé wọ́n ti ń wọ̀ ọ́ bọ̀ tipẹ́, kó má sì wọ́n. Ilé ìtajà ní kí wọ́n máa fọwọ́ ha á. Ọwọ́ kì í yá. Ohun tó máa ń yá ni ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ tu yanrìn sára aṣọ, ilé ìtajà sì ti ní àwọn ò fẹ́ irú rẹ̀ mọ́, torí pé eruku yanrìn yẹn máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jáde. Máníjà fi dá wọn lójú pé kò sí níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Lópin gbọ̀ngàn ìránṣọ, lẹ́yìn ìdì aṣọ tí wọ́n tò kan àjà, ilẹ̀kùn kan wà. Bí olùbẹ̀wò bá ń bọ̀, wọ́n á pa ẹ̀rọ, wọ́n á fi ìdì aṣọ dí ilẹ̀kùn. Mo bi Máníjà léèrè lẹ́ẹ̀kan, mo ní, "Ọkọ mi, yàrá yanrìn yẹn ńkọ́?" Ó wò mí, ó ní, "Ìyàwó wa, bí àwọn èèyàn yìí bá kó iṣẹ́ wọn lọ síbòmíràn, gbogbo obìnrin tó wà nínú gbọ̀ngàn yẹn, ilé ta ni wọ́n á ti lọ jẹun? Ṣé ilé yín ni?" Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú títí dòní.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò nìkan ló ń rán láàárọ̀ lálẹ́, la bá ń pè é ní Alápò. Kì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin wà ní yàrá yanrìn. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ là ń pe ìyẹn, torí ó tẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá jáde lọ́sàn-án, ìpéǹpéjú rẹ̀ á ti funfun báláú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa dọ̀bálẹ̀ yẹ̀yẹ́ fún un, wọ́n á ní, "Ìyá àgbà, ẹ kú ọjọ́ orí." Á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín á di ikọ́, ikọ́ náà kò sì ní tètè dá. Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹnu mi yìí náà ni.

Ọmọge kan ni olùbẹ̀wò tó wá lọ́dún yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ṣòkòtò tó ti ṣá yẹn náà ló wọ̀. Bí Alápò ṣe jókòó, kò dúró kí wọ́n bi í ní nǹkan kan. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún un. Lẹ́yìn ìdì aṣọ, ilẹ̀kùn kan wà níbẹ̀. Àbúrò mi wà nínú rẹ̀. Yanrìn ni wọ́n ń fẹ́ níbẹ̀, ó ti wọ̀ ọ́ láyà, kò lè sùn mọ́. Kó dìde nísinsìnyí, kó bá mi lọ ṣí i." Olùbẹ̀wò yíjú sí mi, ó ní kí ló sọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo wojú rẹ̀ tààrà. Mo ní, "Ó ní òun àti àbúrò òun jọ ń ṣiṣẹ́ níbí ni, inú àwọn sì dùn pé àwọn jọ wà pọ̀." Ojú ọmọge yẹn tàn. Ó na ọwọ́ sórí tábìlì, ó di ọwọ́ Alápò mú. Alápò wo ọwọ́ náà, omi lé ròrò sí i lójú, ó rò pé wọ́n ti gbọ́ òun.

Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí, ẹ̀ṣẹ̀ mi ì bá kéré. Alápò tún sọ̀rọ̀, ó ní, "Àǹtí, bó bá máa pẹ́, mo ti di ẹrù àbúrò mi. Ìyá wa ní kí n mú un wálé. Ọ̀sán yìí la fẹ́ máa lọ." Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Bí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá délé, ìyá rẹ̀ á gbé e lọ sí ọsibítù, dókítà á bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, gbogbo rẹ̀ á sì tú síta. Mo yíjú sí olùbẹ̀wò, mo ní, "Ó ń bèèrè bóyá ẹ máa tún padà wá." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni o, sọ fún un pé mò ń padà bọ̀." Mo wá yíjú sí Alápò. Mo ní, "Ó ní òun ti gbọ́. Ó ní òun máa kó àwọn ọ̀gá òun wá. Ṣùgbọ́n kí àbúrò rẹ má kúrò níbẹ̀ o. Bí wọn ò bá bá a nínú yàrá náà, wọ́n á ní irọ́ ni. Kó ní sùúrù títí wọ́n á fi dé, kó o má sì sọ fún ẹnikẹ́ni." Kò sẹ́ni tó rán mi. Máníjà kò sí nínú yàrá yẹn, ìbọn kò sí lọ́rùn mi, èmi ni mo fi ẹnu ara mi dá a. Alápò kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, olùbẹ̀wò bẹ̀rẹ̀, ó dì mọ́ ọn, ó ń sọ nǹkan sí i létí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Alápò tú ẹrù àbúrò rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti rí mi, á fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Àǹtí, ṣé wọ́n ti ránṣẹ́?" Èmi á ní, "Ó kù díẹ̀." Ó rán àpò kan sínú báàgì mi, ó ní kí n máa rí kọ́kọ́rọ́ mi, torí mo máa ń sọ ọ́ nù. Òun nìyí, ẹ wò ó. Báàgì náà ni mo ṣì ń gbé, mi ò mọ ohun tí mo lè fi ṣe. Kò pẹ́, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sáàárín àtẹ̀gùn kó tó gùn ún tán. Nígbà tó yá, kò lè dìde lórí ẹní. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ló kú sí. Nígbà tí mo lọ kí ìyá náà, Alápò di ọwọ́ mi mú lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ìyá mi, Àǹtí tí mò ń sọ nìyí. Àwọn nìkan ló bá wa sọ̀rọ̀. Àwọn olùbẹ̀wò ọ̀hún ló já wa kulẹ̀." Ìyá náà gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "Bí o ṣe gba ẹjọ́ ọmọ mi rò, Ọlọ́run á gba tìrẹ náà rò." Mo ṣe àmín. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ? Mo ṣe àmín.

Ẹ wá wo wàhálà mi láti ìgbà yẹn. Mo fẹ́ jẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́. Máníjà ní, "Òkú ti sùn, kí lẹ fẹ́ jí i sí?" Mo lọ bá àlùfáà, ó ní Ọlọ́run ti gbọ́, ó ti tó. Mo ní ẹ gbọ́ sà, Ọlọ́run kọ́ ni mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún. Ó bínú. Ọmọ mi obìnrin ní, "Mọ́mì, wọ́n fẹ́ fi yín ṣe olùkọ́ àwọn ògbufọ̀, ẹ sì fẹ́ fọwọ́ ara yín ba ara yín jẹ́." Alápò gan-an ló tún wá burú jù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ bá a, bí mo ṣe ń la ẹnu ni ẹkún ń gbọ̀n mí, òun á sì máa nu ojú mi. "Ẹ yé sunkún, Àǹtí. Ẹ ṣáà gbìyànjú." Inú bí mi sí i débi pé mo jágbe mọ́ ọn, èmi tí mo ṣẹ̀ ẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo ní, "Má fọwọ́ kàn mí, má rẹ̀ mí lẹ́kún, jókòó kó o gbọ́." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí.

Kò pariwo. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí, ó ní, "Lọ́jọ́ yẹn tó dì mọ́ mi, kí ló ń sọ sí mi létí?" Mo ní, "Ó ní kó o bá òun kí àbúrò rẹ." Mo kúnlẹ̀, mo ní kó forí jì mí. Ó ní, "Ẹ dìde. Mo rán yín níṣẹ́, ẹ ò tíì jẹ́ ẹ. Ẹ lọ jẹ́ ẹ ná."

Ìdí tí mo fi dúró níwájú yín nìyí. Obìnrin tó jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún, tí ọ̀kan nínú yín ní kó bá òun gbá abẹ́ tábìlì láàárọ̀, òun ni Alápò. Ọ̀gá yín tó jókòó níwájú yìí ni ọmọge tó wá ṣe ìbẹ̀wò lọ́jọ́ náà. Ìròyìn tó kọ nígbà yẹn ní kò sí àléébù kankan nílé iṣẹ́ náà, torí ẹnu mi ló ti jáde, ìyẹn wà lára ohun tó gbé e dépò. Yàrá yanrìn ṣì wà, ọmọ ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò ní ẹ̀kọ́ míì tí mo fẹ́ kọ́ yín. Ẹ má ṣe tún ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ṣe. Bó bá sunkún, ẹ sọ pé ó sunkún. Bó bá bú wọn, ẹ bá a bú wọn, bí wọ́n bá tiẹ̀ máa lé yín lẹ́nu iṣẹ́.

Alápò, dìde, ìyá mi. Bó o ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà ni kó o sọ ọ́, má yọ nǹkan kan kúrò, èmi á máa sọ ọ́ tẹ̀ lé ọ. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè méjèèjì, ẹ máa ṣọ́ ẹnu mi. Bí mo bá fo ọ̀rọ̀ kan, tàbí tí mo bá fi oyin sí i, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ dá mi dúró. Ọ̀gá yín kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti rí omi lójú mi, ó ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Máa sọ ọ́, Alápò.