Kàlẹ́ńdà Bàbá Mi Tí Mo Fi Ń Ta Dáì

Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Obìnrin tó tọ́ mi dàgbà ti kúrò nílé ọkọ wọn láti bí oṣù mẹ́jọ. Ìkirè ni wọ́n wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, nínú yàrá tí wọ́n ń kó àpò gàrí sí. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n torí ẹ̀ lé wọn jáde, èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ni mo dá a. Kò sí ẹni tó mọ̀ ju Ọlọ́run lọ, àti ẹ̀yin báyìí. Mo ti gbìyànjú láti gbé e mì, kò lọ.

Ọmọ Ilé-Ifẹ̀ ni bàbá mi, ní Ìrẹmọ. Ìyàwó méjì ni bàbá tó bí wọn ní, ọ̀sẹ̀ kan náà sì ni àwọn méjèèjì bímọ ọkùnrin. Bàbá mi lọ̀kan. Èkejì ni ẹni tí à ń pè ní Bàbá Ìrẹmọ, nítorí àwọn ṣì ń gbé Ìrẹmọ, Òṣogbo làwa sì ń gbé nígbà tí mo wà ní kékeré. Nígbà tí ìyá mi kú, tí bàbá mi tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù kò sì lè dá tọ́mọ, Bàbá Ìrẹmọ àti ìyàwó wọn ló wá mú mi. Ọmọ ọdún méje ni mí. Wọ́n rán mi níwèé títí mo fi kọ́ iṣẹ́ táípù, Màmá, ìyàwó wọn yìí, ló sì bá mi di ẹrù ìyàwó. Kí lẹ tún fẹ́ kí òbí ṣe fún ọmọ?

Ìgbà ìjọba ológun ni òwò mi yìí bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ni ọkọ mi, owó oṣù rẹ̀ kì í sì í dé lásìkò. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójú ọ̀nà tó lọ sí yunifásítì, níbi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàkíyèsí àwọn ọkùnrin. Àgbọ̀n ẹlòmíì kún fún kókó tí abẹ dá sí i, ewú ti bo orí ẹlòmíì ṣáájú ọjọ́ orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ń ti bàbá olóyè ńlá láti dúró níwájú ìsọ̀ obìnrin kí ó máa ná ìpara. Ni mo bá tẹ orúkọ ọjà sórí ìwé pélébé kan: pàúdà ìfárùngbọ̀n, ìpara kókó àgbọ̀n, òróró irun, lọ́fínńdà ọkùnrin, àti dáì tí wọ́n fi ń pa ewú dúdú. Mo ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀, mo pín in fún àwọn oníbàárà mi. Ẹ máa fàmì sí èyí tí ẹ bá fẹ́, ẹ ó ká ìwé náà sínú àpòòwé, ẹ ó fi ránṣẹ́. Èmi á di ọjà náà sínú ìwé ìròyìn, mà á gbé e wá bá yín lórí tábìlì yín, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ọjà náà lọ! Àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń fi ìwé ránṣẹ́ sí mi.

Dáì nìkan ni kò tà. Wọ́n ní á bó wọn lórí. Bàbá Ìrẹmọ nìkan ló ń rà á déédéé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń kùn ún, wọn kì í jẹ́ kí irun funfun kan yọjú. Iléeṣẹ́ ìjọba kan láàárín ìlú ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Nítorí pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, wọ́n ti lọ búra ní kóòtù nígbà tí wọ́n ń wáṣẹ́, wọ́n yọ ọdún méje kúrò nínú ọjọ́ orí wọn. Ta ni kò ṣe é nígbà náà? Ṣé mo mọ̀? Mi ò ní parọ́ fún yín, mo mọ̀. Gbogbo agboolé ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ni, kò sì wá sí mi lọ́kàn rárá nígbà tí mo bá wà nídìí ọjà.

Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, a ṣe kàlẹ́ńdà òkú wọn bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é. Fọ́tò wọn wà níbẹ̀, orí wọn funfun báláú, a sì kọ ọdún tí wọ́n bí wọn àti ọdún tí wọ́n kú sábẹ́ rẹ̀. Mo gbé ọ̀kan kọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kan tí oníbàárà kan ń bá mi jiyàn lórí dáì, mo nawọ́ sí kàlẹ́ńdà náà, mo fa fọ́tò Bàbá Ìrẹmọ yọ nínú báàgì mi, irun wọn dúdú bíi kóró iṣin. Mo ní, "Ẹ wo bàbá mi, sà. Ẹ wá wo ọmọ bàbá wọn. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n bí wọn o!" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ra méjì. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé mo tún lè gbé fọ́tò yẹn padà sínú báàgì? Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kàlẹ́ńdà. Láti ọjọ́ náà ni dáì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà.

Ọkùnrin kan wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, onísùúrù èèyàn, eléjì. Ó ra lọ́fínńdà. Ó dúró síwájú fọ́tò méjèèjì fún ìgbà díẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ kan náà kẹ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ kan náà ni, sà. Ìyàwó méjì ni bàbá wọn ní."

"Ọlọ́run ń ṣiṣẹ́ o. Ẹ ò ní ọ̀kan sí i nínú kàlẹ́ńdà yìí? Ó wù mí bí wọ́n ṣe ṣe é."

Mo fún un ní ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Mo tún ká a dáadáa kó má baà rún. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé igbákejì Bàbá Ìrẹmọ lẹ́nu iṣẹ́ ni, àga wọn ló sì ń wò.

Kò pé oṣù kan tí ìwé dé bá wọn, pé kí wọ́n wá ṣàlàyé ara wọn. Kàlẹ́ńdà wa wà nínú fáìlì, ọdún ìbí tó wà lórí rẹ̀ sì fi hàn pé wọ́n ti kọjá ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì. Iléeṣẹ́ ní kí Bàbá máa lọ sílé, kò sí ayẹyẹ, kò sí ìdágbére, owó ìfẹ̀yìntì wọn sì wà nílẹ̀ títí dòní. Ta wá ni Bàbá fura sí? Màmá! Màmá ti máa ń bá wọn jà lórí dáì yẹn tẹ́lẹ̀, Màmá rò pé obìnrin kan ni Bàbá ń ṣe é fún. Wọ́n ti pariwo lẹ́ẹ̀kan níṣojú àwọn àlejò ọ́fíìsì pé, "Ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta!" Màmá náà ló pín kàlẹ́ńdà fún ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì. Lójú Bàbá, ẹjọ́ ti parí. Màmá fi Bíbélì búra níwájú gbogbo ẹbí, wọ́n sunkún títí ohùn wọn há. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wo ìka ẹsẹ̀ mi. Kí n tó wá sí ìpàdé náà, mo ti yọ fọ́tò méjèèjì kúrò lára ògiri. Ẹ̀rù ló bà mí. Ojú tún tì mí. Mo ní kí ara Bàbá kọ́kọ́ rọ̀, ọ̀sẹ̀ kan di méjì, ó sì wá di oṣù mẹ́jọ.

Orí Bàbá Ìrẹmọ ti funfun tán. Wọn kì í jáde mọ́. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ lọ, bí mo bá sì ti gbé e kalẹ̀, wọ́n á ní, "Ìwọ nìkan ló kù tí kò dà mí." Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́! Mi ò ta dáì mọ́, ṣùgbọ́n àǹfààní wo nìyẹn ṣe fún ẹnikẹ́ni?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti rù gidi. Wọ́n gbé dòdò Ìkirè wá fún àwọn ọmọ mi. Kí n tó kí wọn tán, wọ́n ti kúnlẹ̀ fún mi, èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà! Mo sáré dìde láti gbé wọn, wọn ò gbà.

Wọ́n ní, "Bá mi bẹ bàbá ẹ. Tìrẹ nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Mi ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé kí n ní èmi ni mo sọ ọ́ ló máa jẹ́ kí wọ́n dárí jì mí, mo gbà. Èmi ni. Kí n ṣáà padà sílé mi."

Wọ́n tún wá ṣàdúrà fún mi, pé ọmọ tí mo bí yóò ṣe fún mi bí mo ṣe ń ṣe fún wọn. Mo ní àmín.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ni mo ṣèlérí pé mà á lọ. Bí mo bá bẹ Bàbá, tí wọ́n sì gbà, Màmá á gbé ẹ̀bi mi wọlé ọkọ wọn, wọn á máa gbé e kiri títí wọ́n fi máa kú. Bí mo bá sì jẹ́wọ́, ta ló kù tó máa gbé oúnjẹ fún bàbá arúgbó yẹn? Ẹ̀yin tí ẹ bímọ, tí ẹ sì tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn kí ọjọ́ Àìkú tó pé: báwo ni mo ṣe fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún obìnrin tí kò ṣẹ̀, níwájú ọkùnrin tí mo ṣẹ̀?