Ìwé Ìtàn Tí Mo Já Gbà Lọ́wọ́ Málọmọ́

Ọmọ mi ti sùn, bàbá rẹ̀ náà ti sùn, ìwé ìtàn kan sì wà lórí itan mi tí n kò mọ ohun tí n ó fi ṣe. Bàbá rẹ̀ ní kí n dá a padà lọ́la fún tíṣà tó yá a fún ọmọ náà, pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé. Bó bá jẹ́ ìjẹta ni, èmi gan-an ni ǹ bá fi í dáná ẹja. Ṣùgbọ́n mo ti kà á parí báyìí, ọkàn mi kò sì gbà mọ́.

Ará etí òkun Ìlàjẹ ni wá; ẹja ni mo ń yan tà ní Bàrígà níbí. Málọmọ́ ni ọmọ mi ń jẹ́, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mẹ́ta ti kú kí n tó bí i, n kò sì sọ fún un rí. Nígbà tó kọ́kọ́ béèrè ìdí tí a fi sọ ọ́ ní Málọmọ́, mo ní èmi ni bàbá rẹ̀ ń bá wí, nítorí pé mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sílé ìyá mi ṣáá. Ó rẹ́rìn-ín títí. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti gbé agbọ̀n ẹja, á ní, "Màámi, ẹ má lọ mọ́ o," àwọn ará ilé á sì bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé irọ́ yẹn yóò bá wa kalẹ́ ni.

Ìwé yìí ló tú u. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Kòkúmọ́ ló tẹ̀ lé ẹja olójú wúrà wọ inú ọ̀sà, ó sì dé ìlú kan nísàlẹ̀ omi níbi tí àwọn ọmọ tó ti kú ń gbé, tí wọ́n ń ṣeré, tí wọ́n ń jẹ àkàrà. Nídìí iná tí mo ti ń yí ẹja ni Málọmọ́ máa ń kà á sókè fún mi nírọ̀lẹ́. Kí n má purọ́, èmi náà a máa retí ìrọ̀lẹ́. Àfi ìgbà tó ka ibi tí oníbodè ìlú náà ti sọ pé, "Kòkúmọ́? Mo mọ irú orúkọ yìí. Òun àti Málọmọ́ àti Dúrójayé, ọ̀kan náà ni. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ ọmọ tó ti lọ tó tún padà wá." Ó gbé ojú kúrò nínú ìwé, ó wò mí. "Màámi, ta ni ẹ ń bẹ̀?" Mo já ìwé náà gbà, mo ní kó lọ fọ abọ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jáde nílé ẹ̀kọ́, n kò rí i. Aládùúgbò wa kan ló ní òun rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí ọ̀sà. Ẹ̀yin ìyá, ẹ bá mi ro eré tí mo sá. Mo bá a tó jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi, ó ń pè, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi o." Ọ̀rọ̀ oníbodè yẹn ló fi mọ̀ pé àwọn kan ti ṣáájú òun wá. Mo gbá a mọ́ra. Òun ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún: "Mi ò ní tẹ̀ lé wọn, Màámi. Mo kàn fẹ́ kí wọn ni. Mi ò mọ orúkọ wọn."

Mo ti wá ka ìyókù. Lójú ewé tó tẹ̀ lé ibi tí mo ti já ìwé gbà, oníbodè ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹni tí wọ́n bẹ̀ tó báyìí, ilé ló yẹ kó wà," ó sì dá Kòkúmọ́ padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ká ní mo jẹ́ kó ṣí ewé kan sí i, bóyá kì bá dé etí omi. Àbí ìwé náà gan-an ni kò yẹ kó dé ọwọ́ rẹ̀?

Kó tó sùn, ó tún béèrè orúkọ wọn. Nílé tiwa, a kì í pe orúkọ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́; wọ́n ní ẹni tó ṣẹ́ kù láyé ni yóò jẹ́ ìpè náà, tí yóò sì tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ọmọ tí ẹ sì ń tọ́ òmíràn, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n dá ìwé náà padà fún un kó kà á dópin, kí n sì pe orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un? Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan nísinsìnyí, ní jẹ́jẹ́. Mo pe orúkọ àkọ́bí mi. Málọmọ́ yí ara padà lórí ẹní. Kò dáhùn. Mo sún mọ́ ọn, mo gbọ́ tó ń mí.