Ìborùn tí Mo Ṣí Lójú Kámẹ́rà

Wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi, wọn kò sì sọ ọjọ́ rẹ̀. Wọ́dà máa ń yọjú wò mí láti ihò ara ìlẹ̀kùn, n kì í mọ ìgbà tó ń wò. Ó tọ́ sí mi.

Iṣẹ́ títún tẹlifíṣọ̀n ṣe ni mò ń ṣe ní Láfẹ́nwá. Alhájà kan tó ń ta wúrà ni mo múlé tì, ògiri kan ló wà láàárín wa. Nígbà tí olè ń yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n bá a ra kámẹ́rà bọ̀ láti òkè òkun, èmi ló sì pè kí n so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n yàrá ẹ̀yìn rẹ̀. Mo so ó. Ṣùgbọ́n mo tún fa wáyà kan gba abẹ́ òrùlé wọ ṣọ́ọ̀bù tèmi, kò sì sí ohun tí ì bá fi mọ̀. Eré ni mo pè é. Mo kàn fẹ́ máa wo bí àwọn ìyàwó olówó Ìbarà ṣe ń ná wúrà, kí n máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Eré náà di ojúkòkòrò. Mo rí ibi tó ń fi kọ́kọ́rọ́ àpótí irin pamọ́ sí. Mo tún rí i pé bí àkókò ìrun bá tó, á pa ìlẹ̀kùn dé láìtì í, á sì fi ìborùn bo kámẹ́rà lójú. Ó ní kò tọ́ kí ohun tó ń ya àwòrán kọjú sí òun bí òun bá ń kírun. Tẹlifíṣọ̀n mi á dúdú. Ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n bí mi sí. Ohun tí mo mọ̀ nípa ìrun kò ju pé ẹni tó ń kí i kì í bojú wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ náà, nígbà ìrun Alásárì, mo yọ́ wọlé. N kò ràntí pa tẹlifíṣọ̀n mi, nítorí dúdú ló ṣe. Mo ṣí àpótí, mo kó wúrà sọ́wọ́. N kò mọ̀ pé bí ìrun bá ń parí, wọn a yíjú sí ọ̀tún, wọn a sì yíjú sí òsì. Níbo ni n bá ti mọ̀ ọ́n, nígbà tí ìborùn máa ń bo kámẹ́rà? Ó yíjú sí òsì, ó rí mi.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ yẹn tún ti bàjẹ́ ni?"

Lẹ́yìn náà ló rí wúrà lọ́wọ́ mi. N kò bẹ̀ ẹ́. Inú ló bí mi pé ó yíjú. Mo fa ìborùn kúrò lójú kámẹ́rà, mo fi dí i lẹ́nu, mo fi dí i nímú, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹní. Ó ń fọwọ́ lù mí lápá jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún, títí ọwọ́ náà fi dúró.

Nígbà tí mo padà, ìyá mi ti gbé oúnjẹ wá fún mi. Ó dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n, abọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Alhájà wà nínú rẹ̀, ó nà gbalaja lórí ẹní.

"Fíìmù ni, Màámi."

"Ẹ̀wù tí mo rán fún ẹ ló wà lọ́rùn ẹni tó pa á nínú fíìmù náà."

Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó jáde, ó ké pe àdúgbò. Òun náà ló jẹ́rìí ní kóòtù, kò sì wojú mi. Kò tíì wá síbí rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo bẹ̀ yín. Bí ẹnikẹ́ni bá fi iṣẹ́ ilé rẹ̀ lé yín lọ́wọ́, ẹ ṣe é tán, ẹ kó irinṣẹ́ yín, kí ẹ máa lọ. Ẹ má fi ojú yín sílẹ̀ síbẹ̀. Èmi fi tèmi sílẹ̀, ìyá mi ló fi í ríran.