Ihò Kejìlá Tí Mi Ò Kọ Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, tí ẹ ń béèrè pé nínú iṣẹ́ ìjọba àti ti kọ́ńpìnnì, èwo ló lérè fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ àtimáa ṣọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rín ni mo fi ń dá yín lóhùn láti ọjọ́ yìí. Lónìí, ẹ jẹ́ kí n bì í jáde. Dókítà ti fa ìyàwó mi sẹ́yìn ilẹ̀kùn bá a sọ̀rọ̀, wọ́n rò pé etí mi náà ń ṣàìsàn ni. Mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí wọlẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣọ́ kọ̀ǹpútà ìjọba, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì sí. Owó oṣù kò tó nǹkan, fáànù kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ń dún ju bó ṣe ń fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n wọn kì í déédéé lé èèyàn, wàá sì rí nǹkan jẹ lọ́jọ́ alẹ́. Kò tẹ́ mi lọ́rùn, ojú mi wà ní kọ́ńpìnnì kan tó ń gbowó ṣọ́ kọ̀ǹpútà fún àwọn ẹlòmíì. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí wá fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, ọ̀gá ibẹ̀ ní, "Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe tí àwọn tó jókòó síta yẹn ò mọ̀?" Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, mo fi ihò kan hàn án, ihò tí olè lè gbà wọ inú ẹ̀rọ ọ́fíìsì wa láì fọ́ nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín. "Má dí i o. Tó bá yá, àwa la máa lọ bá wọn dí i, wọ́n á sì sanwó." Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbà mí. Ọ̀dàlẹ̀ ni mí, ẹ má wá orúkọ míì fún un.

Àbúrò kan níbi iṣẹ́ ìjọba, tí a ń pè ní Ìyá Béèrè torí pé kì í yé béèrè, ló gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Òfin wa ni pé ẹni tó ń lọ gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ihò tó mọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Mo kọ mọ́kànlá. Ó kà á, ó tún un kà. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí?" Mo ní, "Gbogbo ẹ̀ nìyẹn." Ó dúpẹ́ títí mo fi jáde. Kí oṣù méjì tó pé, ó ti dí mọ́kànlá náà tán.

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Èmi ni ikú ilé. Olè ò dúró de kọ́ńpìnnì wa, wọ́n gba ihò kejìlá, èyí tí mo fi han ọ̀gá, wọlé, wọ́n ti gbogbo ìwé náà pa. Owó ìfẹ̀yìntì ò jáde mọ́, àwọn arúgbó ń tò sẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́, ebi ń pa wọ́n. Ìjọba ní kí kọ́ńpìnnì wa wá wádìí. Ta ni wọ́n rán? Èmi. Nígbà tí Ìyá Béèrè rí mi, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó sọ fún ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà pé, "Ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ló faṣẹ́ lé mi lọ́wọ́, wọ́n mọ̀ pé mi ò fiṣẹ́ ṣeré." Wọ́n bi mí. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní ihò tuntun ni, ẹni tó bá lajú síṣẹ́ rẹ̀ ì bá ti rí i. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n?" Wọ́n lé e lọ, ọdún mẹ́jọ tó fi sìn wọ́n wọgbó.

Kọ́ńpìnnì ló fún mi ní ilé yìí, títí kan ibùsùn tí mo fẹ́ kú sí. Ṣé èrè tí ẹ ń béèrè nìyẹn? Ibi yòówù kí ẹ ti ṣiṣẹ́, ẹ má fi ẹni tó fọkàn tán yín ra àyè. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé ọ̀rọ̀ mi lọ bá ìgbìmọ̀ kí ẹ̀mí mi tó bọ́, kí wọ́n pè é padà. Ẹ dé ọ̀dọ̀ òun náà. Ẹ ní mo ní kó dárí jì mí. Àbúrò, o bi mí bóyá gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Rárá o. Méjìlá ni wọ́n, mo sì ti mọ ìkejìlá kí n tó fún ọ níwèé.