Òtútù Swídìn

Òjò há wa mọ́ ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, láyé ìgbà tí gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, ni ọmọbìnrin kan tó fẹ́ lọ bá ọkọ ẹ̀ ní Swídìn bá ń ka èdè ibẹ̀ sí màmá ẹ̀ létí láti inú ìwé pélébé kan.

"Det är kallt i dag."

"Kí nìyẹn?"

"Òtútù ń mú lónìí."

"Ta lo fẹ́ sọ ọ́ fún?"

"Ẹnikẹ́ni tá a bá jọ dúró ní bọ́sítọ́ọ̀pù, Màámi."

"Kí lòun á wá sọ?"

"Á ní bẹ́ẹ̀ ni, òtútù ń mú."

"Ó tán?"

"Ó tán."

Ìyá náà pòṣé. "Àwa ń kí ara wa: ẹ kú òtútù, ẹ kú ooru, ẹ kú òjò. Àwọn wá ń ròyìn òtútù fún ẹni tí òtútù ń pa!"

Ọmọ ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Bí tiwọn ṣe rí nìyẹn jàre."

Onífọ́tò pè é síwájú kámẹ́rà. Bó ṣe ń jókòó, ó tún ń dá a sọ: "Det är kallt i dag."

Ìyá ẹ̀ dá a lóhùn láti orí bẹ́ǹṣì: "O kú òtútù o, ọmọ mi. Bí wọn ò bá kí ẹ lọ́hùn-ún, mo ti kí ẹ sílẹ̀."